Ìwé Ló Pín Wa, Ìwé Ló Yẹ Kó Kó Wa Jọ

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ní Kétu, lẹ́yìn tí àwọn márùn-ún tí ẹgbẹ́ rán lọ sí àjọ̀dún ìwé ní Èkó ti padà dé. A tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn tí kò lè wá.)

  Mo rí àwọn ará Ṣábẹ̀, mo rí àwọn ará Àjàṣẹ́, mo rí àwọn èèyàn wa láti Pọbẹ̀ àti Sákété. Àwọn ará wa ní Tógò ránṣẹ́ pé ọ̀nà jìn, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ ka ohun tí a bá sọ. Nítorí náà màá rọra sọ ọ́, kí akọ̀wé lè rí i kọ.

Ẹ rán wa níṣẹ́. Ẹ ní kí àwa márùn-ún lọ sí àjọ̀dún ìwé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní òpin ọ̀sẹ̀, níbi tí àwọn òǹkọ̀wé ti wá láti ilẹ̀ òkèèrè, kí a sì padà wá sọ bóyá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kan ẹgbẹ́ bíi tiwa tàbí kò kàn án. Ìdáhùn tí a mú bọ̀ kò gùn: ó kàn wá. Ó kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n ká lọ wòran ká padà wálé kò tó. Ìyókù ọ̀rọ̀ mi, àlàyé gbólóhùn wọ̀nyí ni.

Àwọn kan bi wá lẹ́nu ọ̀nà pé, "Àjọ̀dún ìwé, ṣé ọjà ni àbí ìsìn?" Ó ní díẹ̀ nínú méjèèjì. Wọ́n á gba gbọ̀ngàn, wọ́n á to àga. Òǹkọ̀wé á jókòó níwájú, ẹnì kan tó ti ka ìwé rẹ̀ dáadáa á jókòó tì í, á máa bi í ní ìbéèrè: kí ló dé tó fi kọ ọ́ báyìí, ta ló ń bá wí, ibo ló ti gbọ́ ìtàn náà. Òǹkọ̀wé á ka ojú ewé díẹ̀ sókè. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé máìkì fún àwọn tó wá gbọ́, kí wọ́n bi í ní tiwọn. Bí wákàtí kan bá pé, ẹlòmíràn á bọ́ síbẹ̀. Lóde, àwọn tó ń ta ìwé ti pàtẹ. Ẹni tó bá ra ìwé á tò sórí ìlà kí òǹkọ̀wé bá a fọwọ́ sí i. Tó bá di alẹ́, wọ́n á ṣeré orí ìtàgé, àwọn akéwì á kéwì, ìlù á dún. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ láti Ọjọ́ Ẹtì títí dé Ọjọ́ Àìkú.

Nǹkan yìí kì í ṣe tuntun lápá ọ̀hún. Láti 1999 ni ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní CORA ti ń ṣe àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà ní Èkó. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọgbà tí wọ́n ń pè ní Freedom Park, ní Erékùṣù Èkó. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba òyìnbó ni tẹ́lẹ̀ o. Níbi tí wọ́n ti ń ti èèyàn mọ́lé nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ falala lónìí. Ní 2013, Lola Shoneyin, òǹkọ̀wé tó kọ ìtàn àwọn ìyàwó Bàbá Ṣẹ̀gi, dá àjọ̀dún Aké sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ṣe é níbẹ̀ kó tó di pé wọ́n gbé e lọ sí Èkó ní 2018.

Abẹ́òkúta kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá gba Ìlárá jáde ní Kétu, tó kọjá ní Ìmẹ̀kọ, tó dé Ayétòrò, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀ nìyẹn. Àwọn ìyá wa ń ná ọjà lójú ọ̀nà yẹn. Ìlú yẹn náà sì ni wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, ní 1859. Henry Townsend, òyìnbó oníwàásù, ló tẹ̀ ẹ́, *Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá* ni wọ́n sì pè é. Ẹ fi sọ́kàn pé èdè wa ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló wá bá a níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé èdè Yorùbá kò tíì gbọ́n tó láti wọ inú ìwé ìròyìn, ẹ bi í pé kí làwọn ará Abẹ́òkúta ń kà nígbà tí a kò tíì bí bàbá bàbá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé àlejò tó ti wá sí àjọ̀dún Aké, nítorí ìtàn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ wa mu. Ngũgĩ wa Thiong'o, ọmọ Kẹ́ńyà, wá sí Abẹ́òkúta ní 2016. Ó ti fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé púpọ̀ tó mú un lókìkí, àwọn kan nínú wọn sì bá àwọn alágbára wí gidigidi. Wọn kò mú un. Ní 1977, òun àti Ngũgĩ wa Mĩriĩ kọ eré kan ní èdè Gĩkũyũ, àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ abúlé Kamĩrĩĩthũ sì ṣe eré náà fúnra wọn. Àwọn tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ohun tó ń sọ, ó sì yé wọn yékéyéké. Ìgbà yẹn ni ìjọba fòfin de eré náà. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti gbé e lọ sẹ́wọ̀n láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Inú ẹ̀wọ̀n yẹn ló ti pinnu pé èdè ìyá òun ni òun yóò máa fi kọ ìtàn. Kò rí pépà, ó sì kọ ìwé odindi sórí pépà ìnùdí. 1980 ni ìwé náà jáde.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe òṣèlú nínú wa gbọ́ èyí dáadáa. Ìjọba kò bẹ̀rù ìwé tí ọ̀pọ̀ èèyàn rẹ̀ kò lè kà. Ohun tí àgbẹ̀ gbọ́ ni wọ́n bẹ̀rù. Ngũgĩ kú ní 2025, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe kò bá a kú. Ní 2016 kan náà, àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé tí wọ́n ń pè ní Jalada gba ìtàn kékeré kan lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó kọ ní Gĩkũyũ, wọ́n sì tú u sí èdè tó ju 30 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ èdè ilẹ̀ Áfíríkà. Èdè kan fà á lé èkejì lọ́wọ́, láìjẹ́ pé gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ kí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Párísì.

Ó yá, kí la rí ní tiwa?

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní dárúkọ àwọn tó pe àjọ̀dún tí a lọ, nítorí ẹjọ́ kọ́ la gbé wá. Wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Kétu la ti wá, àwọn kan ní, "Háà, Kétu ti inú oríkì!" bí ẹni pé inú oríkì nìkan ni Kétu wà. Ìlù wa dún níbẹ̀. Aṣọ wa wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló wọ̀ ọ́. Ẹ kú àárọ̀ àti ẹ kú ọ̀sán wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti di ọ̀rọ̀, tí wọ́n bá ń sọ nípa ogun, nípa ìlú, nípa owó àti ìfẹ́ àti ikú, Gẹ̀ẹ́sì ni. Èdè wa ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò, ó ń gbé omi fún un, kò sì jókòó.

Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, òǹkọ̀wé obìnrin kan láti òkè òkun ka apá kan nínú ìwé rẹ̀, níbi tí ìyá kan ti sin ọmọ rẹ̀ ní ìlú àjòjì. Ọ̀kan nínú wa tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń túmọ̀ rẹ̀ ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún ìyá kan nínú àwa márùn-ún. Ẹ mọ ìyá náà, aṣọ ló ń tà, kò sì sí ọjọ́ tí kì í ka Bíbélì Yorùbá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí a bi ìbéèrè, ìyá nawọ́. Wọ́n fún un ní máìkì. Ó kí wọn dáadáa, ó ní: "Ọmọ mi, o ṣeun. Ìyá tó wà nínú ìwé rẹ yìí, èdè wo ló fi sunkún?"

Ẹni tó ń darí ètò rẹ́rìn-ín, ó ní kí ìyá jọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, àkókò ti lọ. Ọmọ Yorùbá ni ẹni yẹn o! Ìyá fẹ́ dá máìkì padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí ló dìde lẹ́yìn wa, ó túmọ̀ ìbéèrè náà. Òǹkọ̀wé yẹn kò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó ṣe díẹ̀ kó tó sọ pé èdè ìyá òun ló fi sunkún, ṣùgbọ́n òun kò rí i kọ sínú ìwé, nítorí èdè náà kì í ṣe èdè tí òun fi kọ́ ìwé kíkọ. Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. Kò sí ìbéèrè tó wọlé tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ náà, ó sì kù díẹ̀ báyìí kó má jáde lẹ́nu ẹni tó ni ín.

Ẹnu ẹni la fi í kọ "mé è jẹ". Bí a bá lọ síbi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ, tí a kò bá ẹnu tiwa lọ, oúnjẹ tí a kò fẹ́ ni wọn yóò máa bù fún wa, a ó sì máa dúpẹ́.

Mo tún ní nǹkan mìíràn láti sọ nípa tábìlì àwọn tó ń ta ìwé. A wá Yorùbá, a rí i, àmọ́ kò pọ̀. A rí Fágúnwà. *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* tó jáde ní 1938 ṣì ń tà, Wọlé Ṣóyínká sì ti tú u sí Gẹ̀ẹ́sì láti 1968. Ẹ wò ó: ìwé tí wọ́n kọ ní èdè wa kọ́kọ́ jáde, ayé wá tọ̀ ọ́ wá. Ṣùgbọ́n tiwa níhìn-ín ńkọ́, àwa tí ààlà fi sábẹ́ Faransé? Florent Couao-Zotti, Pọbẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1964. Ó gba ẹ̀bùn Ahmadou Kourouma ní 2010. Faransé ló fi ń kọ̀wé. Mo wá orúkọ rẹ̀ lórí àwọn tábìlì yẹn, n kò rí i. Òǹkọ̀wé tí wọ́n bí sí Pọbẹ̀, a rí i kà ní Párísì, a kò rí i kà ní Èkó, Èkó tí àwọn ará Pọbẹ̀ ń lọ tà tí wọ́n ń lọ rà.

Kì í ṣe pé àwọn ará ibẹ̀ kórìíra wa. Ìwé kì í sọdá ààlà bí ẹ̀pà àti gààrí ṣe ń sọdá. Èyí tó wà lọ́hùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì ni. Èyí tó wà níhìn-ín, Faransé ni. Èyí tó yẹ kó so méjèèjì pọ̀, ìyẹn Yorùbá, ọ̀nà méjì la fi ń kọ òun náà. Láti 1975 ni ìjọba wa ti ṣe álífábẹ́ẹ̀tì fún àwọn èdè orílẹ̀-èdè yìí. Ẹni tó kọ́ ìwé Yorùbá níhìn-ín ń kọ *ɛ* àti *ɔ*. Ẹni tó kọ́ ọ lọ́hùn-ún ń kọ *ẹ* àti *ọ*. A ń kọ *sh*, wọ́n ń kọ *ṣ*. A ń kọ *kp*, wọ́n ń kọ *p*. Wọ́n kọ *ẹ̀pà*, a kọ *ɛ̀kpà*. Ẹ̀pà kan náà ni, bí ẹ bá jẹ ẹ́ ẹ ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé tó kọ́ ọ̀kan, tó rí èkejì, á rò pé èdè àwọn ẹlòmíràn ni. Ojú ewé kan ṣoṣo ló gbà láti fi ìyàtọ̀ wọ̀nyí hàn án. Wákàtí kan pàápàá á ti pọ̀ jù fún un láti mọ̀ ọ́n.

Nísinsìnyí, mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ nínú ara wọn pé, "Ìwé, ìwé, ìwé. Ìwé kì í yó èèyàn." Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ tilẹ̀ sọ ọ́ síta, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí ọ̀rọ̀ tí a bá sọ síta la lè dá lóhùn. Wọ́n ní ọ̀nà wa kò dára, omi kò tó, owó tí a fi rán èèyàn márùn-ún lọ Èkó, ẹnì kan ì bá fi tún kànga ṣe. Bàbá, òótọ́ ni pé omi ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ló sọ wá di ẹni tó ń sọdá ààlà kó tó lọ kí àbúrò bàbá rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ?

Ìwé ni. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé kan ní Párísì. Ìwé yẹn ni wọ́n fi ya ilẹ̀ wa láti etí òkun lọ sí òkè. Kò sí ọba wa kan níbẹ̀. Kétu gan-an kò sí lórí ìdúró lọ́dún yẹn: Dàhòmì ti fọ́ ọ ní 1886, ó ti kó àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́rú, a kò sì tún un tẹ̀ dó títí di nǹkan bí 1893. A wà ní oko ẹrú nígbà tí wọ́n ń fi gègé pín ilẹ̀ wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Ìlárá sì bọ́ sí méjèèjì. Kò sí ẹni tó yìnbọn lọ́jọ́ yẹn. Àwọn tí a fi pépà pín kò lè sọ pé pépà kò kan àwọn.

Ẹ tún wo ìtàn wa. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìtàn Kétu, ó máa rí ti Geoffrey Parrinder, èyí tó jáde ní 1956. Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó máa rí ti Édouard Dunglas, tí wọ́n tẹ̀ ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀. Faransé ni. Fadá Thomas Moulero, ọmọ wa, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi jẹ àlùfáà Kátólíìkì ní ilẹ̀ Dàhòmì, ní 1928, gba ìtàn Kétu àti Ṣábẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, a sì ń jẹ nínú iṣẹ́ rẹ̀ títí dòní. Faransé ni àwọn tó ń kàwé fi ń kà á. Ìwé Montserrat Palau-Marti lórí Ṣábẹ̀ àti àwọn ọba rẹ̀, èyí tó jáde ní 1992, Faransé ni. Ìwé Biodun Adediran lórí àwọn ìlú Yorùbá apá ìwọ̀-oòrùn, èyí tó jáde ní 1994, Gẹ̀ẹ́sì ni. Mi ò bá ọ̀kankan nínú wọn wí, wọ́n ṣe wá lóore. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọmọ Kétu ní láti gbọ́ èdè aládùúgbò méjì kó tó lè ka ohun tí bàbá rẹ̀ àgbà fi Yorùbá sọ. Ẹnu àgbà wa ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, kò sì tíì padà wálé.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé jíjókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ jẹ́ àṣà òyìnbó. Kí ni alẹ́ Ẹ̀fẹ̀? Kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lọ́sàn-án, Ẹ̀fẹ̀ ti fi gbogbo òru kọrin. Ó súre fún ìlú, ó wúre fún àwọn ìyá wa, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tinú rẹ̀: ta ló jalè, ìjòyè wo ló gba owó ẹ̀yìn, ta ló pa ìyàwó tì. Ọlọ́rọ̀ tó bá jókòó níbẹ̀, ó ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ bínú. Kò sí àjọ̀dún ìwé tí mo rí tí òǹkọ̀wé ti láyà tó bẹ́ẹ̀. Ní 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun ìní gbogbo ayé, Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ló sì jọ ni ín. Ilẹ̀ mẹ́ta, nǹkan kan. Tí wọ́n bá lè kọ ọ́ báyẹn nínú ìwé àgbáyé, àwa náà lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ara wa.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni àwa márùn-ún gbé wá síwájú yín lónìí, kí ẹ lè dìbò lé wọn lórí.

Àkọ́kọ́: kí a máa rán èèyàn lọ lọ́dọọdún, kí ìdajì wọn jẹ́ ọ̀dọ́, kí ògbufọ̀ wa sì wà pẹ̀lú wọn láti ilé. Ó kéré tán, ẹnì kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ẹnì kan tó gbọ́ Faransé dáadáa. Kí àwọn tó ń lọ ti ka ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí wọn yóò sọ̀rọ̀ lé lórí kí wọ́n tó wọkọ̀. Kí a sì máa bi ìbéèrè wa ní Yorùbá. Tí wọ́n bá ní kò sí ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀, kí ògbufọ̀ wa dìde. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Èkejì: kí akọ̀wé wa kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń pe àjọ̀dún wọ̀nyí láti ìsinsìnyí lọ, kì í ṣe nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú ni wọ́n ti ń to ètò. Kí a bẹ̀ wọ́n fún wákàtí kan péré, tí ọ̀rọ̀ yóò lọ ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí ẹnì kan láti apá tiwa yóò sì wà lórí àga, kí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́. Àwa la ti ń gba ìtumọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Kí àwọn náà gbà á fún wákàtí kan.

Ẹ̀kẹta: kí ẹni kọ̀ọ̀kan tí ẹgbẹ́ bá fún lówó ọkọ̀ mú ìwé Yorùbá kan bọ̀ fún ẹgbẹ́. A kò bèèrè ju ìyẹn lọ. Kí a tẹ ojú ewé kan tí yóò fi ọ̀nà ìkọ̀wé méjèèjì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí a fi há ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan. Kí a sì máa kà á sókè fún àwọn ọmọ wa, ní Ọjọ́ Àìkú fún àwọn tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ní Ọjọ́bọ̀ ìrọ̀lẹ́ fún gbogbo èèyàn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ti ẹ̀sìn kan ni.

Ẹ̀kẹrin, èyí ló ṣòro jù: kí a pe òǹkọ̀wé àlejò wá síbí. Àwọn òǹkọ̀wé ń wá sí Kútọnu, wọ́n ń wá sí Èkó, àárín méjèèjì la wà. Ká gbà á ní àlejò fún alẹ́ kan, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ó ka ìwé rẹ̀, kí ẹni wa kan kà á ní Yorùbá tẹ̀lé e, kí Ẹ̀fẹ̀ wa sì dá a lóhùn. A kò nílò gbọ̀ngàn olówó ńlá, àgbàlá tó gbòòrò ti tó. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran, àfi tí onílé bá mú un lọ́wọ́. Bó bá padà sílé, á sọ fún àwọn ẹlòmíràn pé Kétu kì í ṣe inú oríkì nìkan.

Fún ìkẹrin yìí, a máa nílò ọ́fíìsì mẹ́ẹ̀rì. Nígbà tí ẹ bá lọ síbẹ̀, ẹ má lọ bẹ̀bẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa, èyí tí a ṣe ní 1990, sọ ọ́ ní Abala 11 pé gbogbo ẹ̀yà tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ ló ní òmìnira láti lo èdè rẹ̀ lẹ́nu àti nínú ìwé, kó sì mú àṣà rẹ̀ dàgbà láìtẹ àwọn yòókù mọ́lẹ̀, àti pé ìjọba gbọ́dọ̀ ran àwọn èdè orílẹ̀-èdè lọ́wọ́. Ẹ ṣàkíyèsí apá kan nínú ohun mo kà yìí: láìtẹ àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Àwọn Fọ̀n, àwọn Gùn, àwọn Màhì tó ń bá wa gbé, kí àga wà fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn náà ní ìtàn, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Tó bá sì di ìgbà ìbò, tí àwọn tó fẹ́ lọ ilé ìgbìmọ̀ bá wá kí wa ní Yorùbá dídùn, ẹ bi wọ́n pé mélòó ni ìwé Yorùbá tó wà nílé ìwé àwọn ọmọ wa. Ẹni tó ń fi èdè wa tọrọ ìbò, kó wá sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún èdè náà.

Bàbá tó sọ ọ̀rọ̀ kànga, mo padà sọ́dọ̀ yín. Mi ò sọ pé kí ẹ fi owó kànga ra ìwé. Mo ní ẹni tó bá lè kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní èdè rẹ̀, tó lè dìde ní gbọ̀ngàn àjòjì tó sì bi ìbéèrè rẹ̀ láìtijú, ẹni náà ló máa lè lọ sí ọ́fíìsì tó ń pín kànga, kí wọ́n sì gbọ́ ohun tó ní í sọ. Ìyá wa tó ń ta aṣọ ti fi hàn wá. Ó ní ẹnu, ó ní ọgbọ́n. Ògbufọ̀ ló ṣaláìní, ẹnì kan tí a kò rán ló sì bá wa ṣe é. Kì í ṣe ohun tó yẹ ká fi sílẹ̀ fún oríire.

Ọ̀rọ̀ mi parí síbẹ̀. Akọ̀wé ní ìwé tí a kọ ohun mẹ́rin wọ̀nyí sí lọ́wọ́, ní ọ̀nà ìkọ̀wé méjèèjì. Ẹ gbà á, ẹ kà á, ẹni tí kò bá lè kà á kó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un. Lẹ́yìn náà kí alága pe ìbò, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní àtakò, kó sọ ọ́ níbí lónìí, a ó dáhùn.